Ìtọ́wò Láìsí Ahọ́n: Bí Labalábá Ṣe Ń Dá Ewé Mọ̀

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ léèrè pé kí ni a fi ń tọ́ nǹkan wò, kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dáhùn pé ahọ́n ni. Bí a bá sì yí ìbéèrè náà padà, tí a ní kí ó sọ ohun tí ìtọ́wò jẹ́, yóò ní iṣẹ́ tí ahọ́n ń ṣe ni. Àwa olùkọ́ a sì gbóríyìn fún un, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ ọ: ojú fún ìríran, etí fún ìgbọ́ràn, imú fún ìgbóòórùn, ahọ́n fún ìtọ́wò, awọ ara fún ìfọwọ́kàn. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìdáhùn ọmọ náà tọ̀nà fún ènìyàn àti fún ewúrẹ́, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dá tí wọ́n pọ̀ jù wá lọ láyé. Àti pé àléébù náà kò sí nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a ń lò, bí kò ṣe nínú ìtumọ̀ tí a fi dè é. Labalábá ni ẹlẹ́rìí tí a ó pè.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi ọsàn. Ẹni tí ó bá ní ọ̀kan lẹ́yìnkùlé rẹ̀ yóò ti rí labalábá ńlá kan tí ìyẹ́ rẹ̀ dúdú, tí ó sì ní àmì pupa rúsúrúsú káàkiri. Papilio demodocus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá fún un. Bí ó bá jẹ́ abo tí ẹyin wà nínú rẹ̀, kì í kàn bà lé ewé kí ó sì yé ẹyin lẹ́sẹ̀ kan náà. Yóò kọ́kọ́ rà bàbà yí igi náà ká. Yóò bà, yóò máa fi ẹsẹ̀ iwájú lu ojú ewé náà lemọ́lemọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ìka lu tábìlì, nígbà mìíràn, yóò sì tún gbéra láìyé nǹkan kan. Nígbà tí ó bá rí ewé tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, pàápàá ewé ọ̀dọ́ tí kò tíì le, ni yóò tó tẹ ìdí rẹ̀ mọ́ ọn, tí yóò sì fi ẹyin róbótó kan ṣoṣo sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ń wò ó lókèèrè lè rò pé ó ń sinmi, tàbí pé ìrì ni ó ń wá mu.

Láti inú ẹyin náà ni kòkòrò ajewé yóò ti yọ. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i yóò pè é ní ìgbẹ́ ẹyẹ, èyí tí ó jẹ́ ààbò fún un. Bí ó bá dàgbà, yóò di àwọ̀ ewé, bí a bá sì fọwọ́ kàn án, yóò na ohun kan bí ìwo oníṣẹ́ka méjì jáde lẹ́yìn orí rẹ̀, òórùn rẹ̀ a sì gba imú ẹni. Àwọn àgbẹ̀ tí ń gbin irúgbìn ọsàn mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí pé díẹ̀ nínú wọn lè jẹ ọ̀gbìn kékeré kan kù ní igi lásán. Ohun tí ó kàn wá níhìn-ín ni pé kòkòrò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ náà kò lè rìn jìnnà. Kò ní ìyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, oríṣìí ewé díẹ̀ ni ó sì lè jẹ. Bí ìyá rẹ̀ bá fi ẹyin sí ara ewé iṣu tàbí ewé ẹ̀gẹ́, ebi ni yóò pa á kú. Nítorí náà, ìdájọ́ tí ìyá ṣe ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá tí ó fi ń fẹsẹ̀ lu ewé ni ìyè tàbí ikú fún ọmọ rẹ̀.

Ìyá náà kì í sì í jẹ ewé. Omi dídùn inú òdòdó ni oúnjẹ tirẹ̀. Ohun tí ó ń tọ́ wò jẹ́ oúnjẹ tí òun kò ní jẹ, fún ọmọ tí òun kò ní tọ́. Ìyá tí ń tọ́ ògì wò kí ó tó fún ọmọ rẹ̀ súnmọ́ ọn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá yẹn ṣì lè mu èyí tí ó kù.

Bí a ṣe mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni

Kò tíì ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lé díẹ̀ lọ tí ẹ̀rí tí ó dájú ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1910, Verschaffelt, onímọ̀ ewéko kan ní ilẹ̀ Họ́láńdì, ṣe àyẹ̀wò kòkòrò ajewé tí ó jẹ́ ọmọ labalábá funfun inú oko kábéèjì. Kábéèjì àti àwọn ewéko tí ó jẹ́ ẹbí rẹ̀ ni kòkòrò yìí ń jẹ. Kì í fi ẹnu kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewé mìíràn. Verschaffelt fún omi ewé kan nínú ẹbí náà, ó fi pa irú ewé tí kòkòrò náà kì í jẹ lára, kòkòrò náà sì jẹ ẹ́. Ó tún lo sinigrin, èyí tí í ṣe èròjà tí títa inú músítádì ti ń jáde wá, ohun kan náà ni ó sì rí. Èyí já sí pé kòkòrò náà kò wo ìrísí ewé, kò sì wo oore tí ewé náà lè ṣe fún ara rẹ̀. Àmì kan ni ó ń tọ́ wò. Bí ó bá ti rí àmì náà, ó ti parí.

Kòkòrò ajewé ní ẹnu, ó sì ń fi ẹnu náà jẹun, nítorí náà àyẹ̀wò Verschaffelt kò ya ènìyàn lẹ́nu púpọ̀. Èyí tí ó yani lẹ́nu ni ti Minnich, ará Amẹ́ríkà, ní 1921. Ó mú labalábá, ó di ìyẹ́ rẹ̀ mú kí ó má baà fò, ó sì fi ìpẹ̀kun ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan kan omi tí ó ní ṣúgà nínú. Ẹnu labalábá gùn, ó sì máa ń ká a jọ sábẹ́ orí bí ẹni ká okùn. Bí ẹsẹ̀ ti kan omi ṣúgà ni ẹnu náà tú, tí ó sì nà jáde láti mu ún, bẹ́ẹ̀ ni orí kò súnmọ́ omi náà rárá. Labalábá tí ó ti mu omi yó kì í na ẹnu bí a bá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan omi lásán, ṣùgbọ́n ó ń nà án bí ó bá jẹ́ omi ṣúgà. Ẹsẹ̀ ni ó mọ ìyàtọ̀.

Ó kù kí á mọ ohun tí ó wà lára ẹsẹ̀ náà. Bí a bá fi ẹ̀rọ amú-nǹkan-tóbi wo ìpẹ̀kun ẹsẹ̀ labalábá, a ó rí irun wínníwínní, kúkúrú, tí orí wọn ṣe róbótó. Irun yìí kò jọ irun orí wa. Ihò kan ṣoṣo wà ní ṣóńṣó orí rẹ̀, inú rẹ̀ ṣófo, omi sì wà nínú ihò náà. Sẹ́ẹ̀lì iṣan-ìmọ̀lára sábà máa ń jẹ́ márùn-ún ní ìdí irun kọ̀ọ̀kan: mẹ́rin nínú wọn na ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dé ṣóńṣó irun láti mọ èròjà tí ó bá wọlé, ẹ̀karùn-ún dúró sí ìdí irun láti mọ̀ bí irun náà bá tẹ̀. Nígbà tí abo labalábá bá ń fẹsẹ̀ lu ewé, àwọn èròjà tí ó wà lójú ewé ń bá ihò náà wọlé, sẹ́ẹ̀lì tí ó kàn yóò sì ta iná mànàmáná kékeré ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ní 1973, Ma àti Schoonhoven ní Wageningen, nílẹ̀ Họ́láńdì, fi ẹ̀rọ gba iná náà sílẹ̀ láti orí irun ẹsẹ̀ labalábá kábéèjì, wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì kan wà níbẹ̀ tí ó ń jẹ́ ìpè àwọn èròjà ẹbí músítádì.

Ní ilẹ̀ Japan ni wọ́n ti yanjú ọ̀rọ̀ ewé ọsàn. Papilio xuthus, ìbátan labalábá ọsàn tiwa, ni wọ́n lò. Ohsugi, Nishida àti Fukami ya àwọn èròjà inú ọsàn sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde láàrin 1985 sí 1991, èròjà mẹ́wàá ni wọ́n kà tí ó ń mú labalábá náà yé ẹyin. Ohun tí ó yẹ kí á dúró lé lórí ni pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí ó ṣe iṣẹ́ gidi bí ó bá dá wà. Ìgbà tí wọ́n pò wọ́n pọ̀ ni labalábá náà gbà pé ewé ọsàn ni òun bà lé. Èyí kò ní ṣòro fún alásè láti gbà: ata nìkan kò jẹ́ ọbẹ̀, iyọ̀ nìkan kò jẹ́ ọbẹ̀, síbẹ̀ a mọ ọbẹ̀ nígbà tí a bá tọ́ ọ wò. Ní 2011, Ozaki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí purotéènì kan lára sẹ́ẹ̀lì ìtọ́wò labalábá náà tí ó ń dá synephrine mọ̀, ọ̀kan nínú àwọn èròjà mẹ́wàá náà. Wọ́n pa jíìnì tí ń ṣe purotéènì yìí lẹ́nu mọ́, agbára synephrine láti mú un yé ẹyin sì dínkù. Lẹ́yìn ọdún méjì, ní 2013, Briscoe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka irú jíìnì ìtọ́wò báyìí 73 nínú labalábá kan tí í ṣe Heliconius melpomene, wọ́n sì rí i pé ẹsẹ̀ iwájú abo ń lo jíìnì ìtọ́wò ju ti akọ lọ. Èyí bá ọgbọ́n orí mu, nítorí pé akọ kì í yé ẹyin.

Ọ̀rọ̀ tí a ní, àti ìtumọ̀ tí a fi dè é

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo fún ní irú ìròyìn yìí láti túmọ̀ sí Yorùbá sábà máa ń kọ ọ́ pé labalábá "ń fi ẹsẹ̀ gbóòórùn ewé". Kì í ṣe pé wọn kò mọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń túmọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dojú kọ wọ́n kedere, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kọ̀ láti kọ "ń fi ẹsẹ̀ tọ́ ewé wò", nítorí pé láti kékeré ni a ti sọ fún wọn pé ahọ́n ni ìtọ́wò. Wọ́n wá sá lọ sọ́dọ̀ ìgbóòórùn. Ibi tí wọ́n sá lọ náà sì burú ju ibi tí wọ́n ti sá lọ, nítorí pé òórùn ni èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé wá láti òkèèrè. Labalábá sì ní ohun tí ó fi ń gbóòórùn, ìyẹn ìwo méjèèjì tí ó wà lórí rẹ̀. Òórùn àti àwọ̀ lè mú un dé ìdí igi. Bí ó bá ti bà lé ewé, ìtọ́wò ni ó kù.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe "tọ́" kì í sábà dá rìn nínú ìlò yìí. "Wò" ni ó máa ń tẹ̀ lé e, ohun tí a ń tọ́ a sì bọ́ sáàrin wọn: a tọ́ ọbẹ̀ wò, a tọ́ oyin wò. "Wò" yìí kì í ṣe ti ojú. À ń gbé ẹrù wò kí á lè mọ bí ó ti wúwo tó. À ń wọ bàtà wò kí á tó san owó rẹ̀. À ń bi ènìyàn wò. À ń dán nǹkan wò, láti inú èyí tí a ti ṣẹ̀dá "ìdánwò". Nínú gbogbo àpẹẹrẹ wọ̀nyí, "wò" ń sọ pé a ṣe ohun tí a ṣe kí á baà lè mọ nǹkan kan. Nítorí náà, "ìtọ́wò" ti ní ìdánwò nínú láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ahọ́n kò sí nínú rẹ̀, ẹnu kò sí nínú rẹ̀, adùn pàápàá kò sí nínú rẹ̀. Yorùbá a sì máa ní ẹnì kan ti tọ́ ìyà wò, tàbí pé ó ti tọ́ adùn oyè wò, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè apá ibi tí ó fi kan ahọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "gbọ́" kò so mọ́ etí. A ń gbọ́ ohùn, a ń gbọ́ òórùn, a ń gbọ́ èdè. Èdè wa fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀yà ara; àwa tí ń kọ ìwé sáyẹ́ǹsì ni a pa àyè náà dé, nígbà tí a gbà kí àtẹ márùn-ún tí a bá nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì di ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa. Èrò tèmi ni pé kí á mú ahọ́n kúrò nínú ìtumọ̀ "ìtọ́wò", kí á sì fi í sínú àpẹẹrẹ. Ìtumọ̀ tí mo dá lábàá nìyí: ìtọ́wò ni kí ẹ̀yà ara kan fara kan ohun kan, kí ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ mọ èròjà tí ó wà lára tàbí nínú ohun náà. Lẹ́yìn èyí ni a ó wá sọ pé ahọ́n ni ènìyàn ń lò, pé ẹsẹ̀ wà lára ohun tí labalábá ń lò, pé eṣinṣin náà ń fi ẹsẹ̀ tọ́ ohun tí ó bá bà lé wò. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò mọ ìdí tí eṣinṣin fi ń tètè mọ ibi tí oyin ti kán sílẹ̀ lórí tábìlì tí ó ń rìn lé.

"Ìfọwọ́kàn" ni kò lè bọ́ nínú ọ̀ràn yìí bí "ìtọ́wò" ti bọ́. Ọwọ́ wà nínú rẹ̀ gbangba. Ẹ rántí sẹ́ẹ̀lì karùn-ún tí mo ní ó wà ní ìdí irun, èyí tí ó ń mọ̀ bí irun bá tẹ̀. Báwo ni a ó ṣe kọ ọ́ pé irun ẹsẹ̀ labalábá ń ṣe ìfọwọ́kàn? Kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i. "Ìfarakàn" ni ó yẹ kí á máa lò fún gbogbo ẹ̀dá, kí "ìfọwọ́kàn" sì jẹ́ ti ẹni tí ó bá fi ọwọ́ ṣe é. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, a lè kọ ọ́ láìsí ìdàrúdàpọ̀ pé irun kan náà ń ṣe ìtọ́wò àti ìfarakàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Irun náà ń kọ́? Mo ti gbọ́ "ahọ́n ẹsẹ̀" lẹ́nu àwọn kan, inú mi sì dùn sí i bí àfiwé. Akéwì lè lò ó. Ṣùgbọ́n ahọ́n ní ẹran, ó ní itọ́, ó ń yí oúnjẹ, ó ń sọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn lára ẹsẹ̀ labalábá. "Irun ìtọ́wò" ni mo fara mọ́. Ó sọ ohun tí a rí, ó sì sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Àǹfààní mìíràn tún wà nínú rẹ̀: kòkòrò ajewé náà ní irú ohun kan báyìí tí ó ṣe ṣóńṣó lẹ́bàá ẹnu, méjì ní apá ọ̀tún, méjì ní apá òsì, sẹ́ẹ̀lì ìtọ́wò mẹ́rin sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A lè fi ọ̀rọ̀ kan náà pè é láìyí ohunkóhun padà, ohun tí "ahọ́n ẹsẹ̀" kò lè ṣe láéláé.

Nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ wọn, tí sáyẹ́ǹsì sì wà nínú rẹ̀, àwọn tí ń ṣe iyèméjì ń béèrè bóyá Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó. Ìbéèrè yẹn ti gba ìdáhùn. Èyí tí ó kù lọ́rùn wa ni bóyá ìtumọ̀ tí a fún àwọn ọ̀rọ̀ náà lè bá akẹ́kọ̀ọ́ dé ilé-ìwé gíga láìjẹ́ pé a óò máa tú u palẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Ta ni ó ń gba ta ni lálejò?

Àwọn onímọ̀ tí ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan fún ewéko tí labalábá ń yé ẹyin sí tí ọmọ rẹ̀ sì ń jẹ. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní ṣáńgílítí, "ewéko olùgbàlejò" ni yóò jẹ́, mo sì ti ń rí i báyìí nínú ìwé àwọn ọ̀dọ́ atúmọ̀-èdè. Kò yẹ kí á gbà á wọlé. Nínú àṣà wa, ẹni tí ó gba àlejò ni ó fi inú dídùn ṣí ilẹ̀kùn, tí ó bu omi, tí ó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ọsàn kò pe kòkòrò kankan. Àlejò wo ni ó ń jẹ orùlé àti ògiri ẹni tí ó gbà á? Èyí tí ó tún burú ni pé ọmọ tí ó bá ka "olùgbàlejò" yóò rò pé ewéko fẹ́ràn kòkòrò, bẹ́ẹ̀ ni òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà lòdì sí i pátápátá. Fraenkel ti ṣàlàyé ní 1959 pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn èròjà líle inú ewé jẹ́ ohun ìjà tí ewé fi ń lé àwọn tí ń jẹ ẹ́. Ìwọ̀nba kòkòrò díẹ̀ tí ó ti mọ bí a ṣe ń yẹra fún ìjà náà ni wọ́n wá sọ ohun ìjà di àmì ìdánimọ̀.

Mo dábàá "ewé abọ́mọ", ìyẹn ewé tí ó ń bọ́ ọmọ. Orúkọ náà kò sọ bóyá ewé fẹ́ tàbí kọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìkan ni ó sọ. Ó sì ràn wá lọ́wọ́ láti rí ohun kan tí orúkọ ewéko Yorùbá lè bò mọ́ wa lójú. Ọsàn mímu àti ọsàn wẹ́wẹ́ jẹ́ ẹbí kan náà, ó dára. Ṣùgbọ́n a tún ń pe àgbálùmọ̀ ní ọsàn, bẹ́ẹ̀ ni kò bá wọn tan níbì kankan. Èso tí a ń mu ni a wò tí a fi sọ wọ́n lórúkọ kan náà. Labalábá ọsàn kò ka àgbálùmọ̀ kún ewé abọ́mọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń yé ẹyin sí àtàpàrí òbúkọ, èyí tí àwa kò pè ní ọsàn rárá, tí àwọn onímọ̀ ewéko sì fi sínú ẹbí kan náà pẹ̀lú ọsàn. Orín àtá náà wà nínú ẹbí yẹn. Ẹ tún wò ó pé ilẹ̀ Éṣíà ni ọsàn mímu ti wá, tí labalábá yìí sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Ìgbà tí àwọn ènìyàn gbé ọsàn dé, labalábá náà ti ń jẹ́ ìpè irú èròjà bẹ́ẹ̀ láti ara àwọn igi ilẹ̀ yìí. Ó bà lé àlejò náà, ó fẹsẹ̀ lù ú, ó sì bá ẹbí nínú rẹ̀.

Ọ̀ràn adùn àti ìkorò náà gba ìṣọ́ra. Bomubómu, tí àwọn Fúlàní ń fi omi ewé rẹ̀ mú wàrà dì, ní oje funfun tí ó korò, tí ó sì ní májèlé tí ń ba iṣẹ́ ọkàn jẹ́. Labalábá pupa kan tí í ṣe Danaus chrysippus ń yé ẹyin sí i; ọmọ rẹ̀ ń jẹ ẹ́, ó sì lè kó májèlé náà pamọ́ sára, kí ẹyẹ má baà fẹ́ ẹ jẹ. Bí a bá kọ ọ́ sínú ìwé pé labalábá ń wá ewé "tí ó dùn" tí ó sì ń sá fún ewé "tí ó korò", a ti fi ahọ́n ènìyàn ṣe ìdájọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo rò pé a nílò níbí: "èròjà apeni" fún èyí tí ó mú ẹ̀dá kan dúró tì ewé, kí ó jẹ tàbí kí ó yé ẹyin, "èròjà aléni" fún èyí tí ó mú un kúrò. Èròjà kan náà lè jẹ́ apeni fún labalábá kan kí ó sì jẹ́ aléni fún òmíràn. Sinigrin rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí yóò wúlò fún àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé a kò lè ṣàlàyé fún olóko ọsàn bí a ṣe lè fi aléni dáàbò bo ọ̀gbìn rẹ̀ bí a kò bá ní orúkọ tí a ó pè é.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí á yà sọ́tọ̀. Koríko kan wà nínú ẹbí kábéèjì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alliaria petiolata. Yúróòpù ni ilé rẹ̀. A ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó wà ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà láti 1868, ó sì ti tàn kálẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Labalábá funfun kan tí í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, Pieris oleracea, ń bà lé e, ó ń tọ́ ọ wò, ó ń bá sinigrin nínú rẹ̀, ó sì ń yé ẹyin sí i. Ṣùgbọ́n àwọn èròjà mìíràn wà nínú koríko náà tí ọmọ rẹ̀ kò lè fara dà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn a sì kú. Ẹsẹ̀ ìyá kò purọ́: àmì tí ó ń wá wà níbẹ̀. Ewé náà ni ó ń pe ìyá tí kò sì lè bọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì fi bo ìhà méjèèjì, ìyẹn ibi tí ìyá yé ẹyin sí àti ohun tí ọmọ lè jẹ kí ó sì yè, nítorí pé wọ́n sábà máa ń jẹ́ ewé kan náà. Kò sí ohun tí ó fi dandan lé e pé kí Yorùbá ṣe bẹ́ẹ̀. Kí "ewé ìyẹ́yin" jẹ́ èyí tí abo labalábá tọ́ wò tí ó sì fọwọ́ sí. Kí "ewé abọ́mọ" jẹ́ èyí tí ọmọ jẹ tí ó sì di labalábá. Ọsàn jẹ́ méjèèjì fún Papilio demodocus. Alliaria jẹ́ ewé ìyẹ́yin fún Pieris oleracea, ṣùgbọ́n agbára káká ni a fi lè pè é ní ewé abọ́mọ.